Orin tó fẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀: Bí mẹ́mórì káàdì ṣe ṣáájú dátà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà

Ní ọdún 2008, olórin kan tó jẹ́ ọmọ Tuareg láti orílẹ̀-èdè Niger kọjá ẹnubodè wá sí ìlú Sókótó ní àríwá Nàìjíríà, ó sì gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní sítúdíò níbẹ̀. Mahamadou Souleymane ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ Mdou Moctar ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.

Gìtá kì í ṣe ohun tuntun láàárín àwọn Tuareg. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé Moctar da ìlù orí ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ gìtá rẹ̀, ó sì gbé ohùn ara rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ tó ń lọ́ ohùn, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe orin inú fíìmù Hausa fẹ́ràn láti máa lò. Anar ni wọ́n pe àkójọ orin náà. Kò sí iléeṣẹ́ orin kankan tó gbé e jáde nígbà náà.

Síbẹ̀, láàárín ọdún bíi méjì, orin kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Tahoultine ti tàn ká ilẹ̀ Sahel. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ ọ ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Inú fóònù ẹlòmíràn ni wọ́n ti gbà á, ẹni yẹn náà sì ti gbà á láti inú fóònù ẹlòmíràn. Awakọ̀ akẹ́rù gbé e kọjá aṣálẹ̀, oníṣòwò gbé e lọ sọ́jà, darandaran gbé e tẹ̀lé màlúù rẹ̀.

Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn bí orin, fíìmù àti ìwé ṣe dé orí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì, orúkọ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dá. Ìtàn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó jókòó sábẹ́ agboòrùn nínú ọjà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti gbó, ni wọ́n la ọ̀nà náà, wọn kò sì tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àìtọrọ àṣẹ yẹn ló sì di ìjà títí di òní.

Ọ̀nà tí kásẹ́ẹ̀tì là sílẹ̀

Kí fóònù tó dé, kásẹ́ẹ̀tì ló wà. Iléeṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré jáde ní 1963. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, ó ṣòro láti rí ọjà ńlá kan láàárín Dakar sí Kano tí èèyàn kò ti ní bá ẹni tó ń da orin kọ láti orí kásẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn. Ẹ̀rọ méjì àti wáyà kan, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Fíìmù náà tẹ̀lé e. Ní 1992, Kenneth Nnebue, tó jẹ́ oníṣòwò ohun èlò ẹ̀rọ, gbé fíìmù Living in Bondage jáde ní èdè Igbo, ó sì tà á tààrà fún ará ìlú lórí kásẹ́ẹ̀tì VHS. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ka ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood sí. Àwọn ará Kano á sọ fún yín pé àwọn ti ṣáájú, torí pé fíìmù Hausa tó ń jẹ́ Turmin Danya ti jáde sórí fídíò láti 1990.

Brian Larkin, onímọ̀ tó lo ọ̀pọ̀ ọdún níbi ìwádìí ní Kano, ṣàlàyé ohun kan nínú ìwé rẹ̀ Signal and Noise tó jáde ní 2008. Ó ní àwọn oníṣòwò tó ń da fíìmù India àti ti Amẹ́ríkà kọ láì gba àṣẹ, irú àwọn tó wà ní ọjà Kofar Wambai, ni wọ́n wá di ọ̀nà tí fíìmù Hausa gbà dé ilé àwọn ènìyàn. Ojú ọ̀nà kan náà ni olè àti ẹni tó ni ẹrù jọ ń tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ jíjí iṣẹ́ olórin kò fi rọrùn láti dá lẹ́jọ́ ní agbègbè wa, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ kásẹ́ẹ̀tì ní àléébù kan. Bí wọ́n bá ṣe ń dà á kọ sí i ni ohùn rẹ̀ ń bàjẹ́ sí i, débi pé tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, ńṣe ló máa ń dà bíi pé inú odò ni olórin ti ń kọrin. Fáìlì orí kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ẹlẹ́gbẹ̀rún kan kò yàtọ̀ sí àkọ́kọ́.

Káàdì tó kéré ju èékánná lọ

Nǹkan mẹ́ta ló pàdé. Èkíní ni MP3, ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Fraunhofer ní Jámánì dá láti fún orin pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀. Ọdún 1995 ni wọ́n fún un ní orúkọ yẹn. Èkejì ni mẹ́mórì káàdì kékeré tí SanDisk gbé jáde ní 2004, tó wá di microSD lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta ni Bluetooth, tí Ericsson, Nokia, Intel, IBM àti Toshiba para pọ̀ gbé kalẹ̀ ní 1998. Wọ́n fi orúkọ ọba Denmark kan tó jẹ ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn pè é. Mi ò rò pé ọba náà lè fojú inú wo ohun tí wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ ṣe ní Agadez.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Orin MP3 ìṣẹ́jú kan máa ń gba nǹkan bíi 1MB, tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe sábà máa ń fún un pọ̀ nígbà yẹn ni. Orin ìṣẹ́jú 4 jẹ́ 4MB. Nítorí náà, káàdì 2GB máa gba orin bíi 500.

Tí èèyàn bá fẹ́ fi íntánẹ́ẹ̀tì 2G dáńlóòdù orin kan ṣoṣo nínú wọn, ó lè gbà tó ìṣẹ́jú 13, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá já láàárín. Gbogbo 500 yẹn máa gba ọjọ́ mẹ́rin àti ààbọ̀, tọ̀sán tòru, láìsí ìsinmi. Ẹ ò tíì bá mi gbọ́ iye dátà o. Àmọ́ tí ọ̀rẹ́ yín bá tan Bluetooth rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni orin kan máa gbà, ẹ ò sì ní san kọ́bọ̀. Tí ó bá kúkú yọ káàdì rẹ̀ fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ máa parí kí ẹ tó mu tíì tán.

Ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì fi rí bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀rọ̀ wáyà lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Wáyà abẹ́ òkun tó ń jẹ́ SAT-3 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, àmọ́ iléeṣẹ́ NITEL ti ìjọba ló mú un dání ní Nàìjíríà, ó sì wọ́n. Ọdún 2010 ni MainOne àti Glo-1 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí nǹkan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọrùn díẹ̀. Ti Mali, Niger àti Burkina Faso tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò ní etíkun rárá, orí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn ni wáyà tiwọn gbọ́dọ̀ gbà kọjá.

Àwọn tó ń dáńlóòdù fún ará ìlú

Ní Bamako, téléchargeur ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀rọ̀ Faransé fún ẹni tó ń dáńlóòdù nǹkan. Ní Kano àti káàkiri àríwá Nàìjíríà, 'downloading' lásán ni iṣẹ́ náà ń jẹ́, wọn ò wulẹ̀ tú u sí Hausa. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Yorùbá náà á rántí àwọn tó máa ń kó orin sí mẹ́mórì fún èèyàn ní ìdí ọkọ̀.

Ohun èlò wọn kò pọ̀: kọ̀ǹpútà alágbèéká, háàdì dísìkì, ohun tí wọ́n fi ń ka káàdì, sípíkà tó ń pariwo láti pe oníbàárà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Oníbàárà máa yọ káàdì rẹ̀, á ní òun ń fẹ́ orin ìgbéyàwó, tàbí fíìmù Hausa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tàbí wáàsí aáfà kan. Iye orin tàbí iye àyè tó gbà lórí káàdì ni wọ́n máa fi díye lé e.

Kò yẹ kí a fojú kékeré wo ìmọ̀ tó wà nídìí iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò lè ka orúkọ tí wọ́n kọ sórí fáìlì. Wọ́n á kàn hùmù orin náà ni, tàbí kí wọ́n ní "èyí tí wọ́n ń lù lọ́jọ́ yẹn." Ẹni tó ń dáńlóòdù ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Òun fúnra rẹ̀ máa ń rí ọjà tuntun láti ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti ìlú mìíràn dé, tàbí kó jókòó sí kàféè orí ayélujára lóru nígbà tí owó rẹ̀ dínkù. Òun ni rédíò, òun ni ilé ìkówèépamọ́, òun náà sì ni wọ́n máa gbé fóònù tó bàjẹ́ wá bá.

Ní gúúsù Nàìjíríà, àwọn olórin hip hop fúnra wọn gbà pé kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ dá a dúró. Wọ́n ń fún àwọn ojú òpó bíi Notjustok, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ní orin wọn kí ará ìlú lè dáńlóòdù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó òde àríyá àti owó ìpolówó ọjà ni wọ́n ń lé. Ọgbọ́n yẹn bá ẹni tí wọ́n ń pè sóde l'Ékòó àti Lọ́ńdọ̀nù mu. Kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹni tó ń ṣe fíìmù mu, torí pé wọn kì í pe fíìmù sóde àríyá.

Apá tí kò dára náà wà ńbẹ̀. Ní 2007, fídíò àṣírí òṣèrébìnrin fíìmù Hausa kan bọ́ sórí fóònù, ó sì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn káàkiri àríwá. Rògbòdìyàn tó dá sílẹ̀ le débi pé wọ́n dá fíìmù ṣíṣe dúró ní Kano fún oṣù mélòó kan, tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù sì gbógun ti gbogbo àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Obìnrin náà kò ní ọ̀nà kankan láti pe fáìlì yẹn padà. Ohun tí Bluetooth bá gbé lọ, ó ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí orin di èèwọ̀

Ní ọdún 2012, àwọn ẹgbẹ́ agbébọn gba Timbuktu, Gao àti Kidal ní àríwá Mali, wọ́n sì fòfin de orin. Wọ́n ba ohun èlò orin jẹ́, wọ́n pa ẹnu àwọn iléeṣẹ́ rédíò mọ́, àwọn olórin sì sá lọ sí Bamako àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí. Ayẹyẹ orin Festival au Désert, tó ti sọ agbègbè Timbuktu di ìlúmọ̀ọ́ká, wáyé níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún náà, kò sì tíì padà síbẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Káàdì inú fóònù náà di ohun tí wọ́n ń wá. Àwọn ará ìlú sọ fún àwọn oníròyìn pé wọ́n ń yẹ fóònù àwọn wò, wọ́n sì ń fi kíké Kùránì rọ́pò orin tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ohun tó mú kí káàdì rọrùn láti gbé, ìyẹn kíkéré rẹ̀, náà ló mú kó rọrùn láti fi pamọ́ sínú agbádá tàbí sábẹ́ ìgò àtùpà. Òun náà ló sì mú kó rọrùn láti sọnù. Orin mìíràn wà tó jẹ́ pé nínú ìgbéyàwó kan ní Kidal ni wọ́n ti fi fóònù gbà á sílẹ̀, tí kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn àfi lórí àwọn káàdì yẹn. Tí wọ́n bá ti ṣẹ́ káàdì, orin náà kú.

Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀

Ó ṣe é ṣe láti mọ díẹ̀ nínú ohun tó wà lórí irú àwọn káàdì bẹ́ẹ̀, torí pé ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Kirkley láti ìlú Portland, ti wà ní Kidal ní 2010, ó sì ń da orin kọ láti inú fóònù àwọn ènìyàn. Ó kọ́kọ́ kó wọn jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, ó pe àkójọ náà ní Music from Saharan Cellphones. Nígbà tó fẹ́ gbé e sórí àwo ní 2011, ó di dandan kó wá àwọn tó ni orin náà kàn kó lè bá wọn ṣàdéhùn.

Iṣẹ́ kékeré kọ́ nìyẹn. Orúkọ tó wà lórí fáìlì lè jẹ́ ti ẹni tó dà á kọ, tàbí orúkọ ìlú, tàbí kó kàn jẹ́ nọ́ńbà lásán. Kirkley ń béèrè láti ẹnu dé ẹnu, láti orí fóònù kan dé òmíràn, títí tó fi kan Mdou Moctar ní Niger. Ní 2015, wọ́n jọ gbé fíìmù kan jáde ní èdè Tuareg tí Moctar fúnra rẹ̀ ṣe olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ní 2021, iléeṣẹ́ orin Matador ní Amẹ́ríkà gbé àwo rẹ̀ Afrique Victime jáde. Lónìí, ó ń ṣeré káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ìtàn yìí dùn, àwọn oníròyìn òyìnbó sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n Moctar nìkan nìyẹn. Ọ̀pọ̀ olórin wà tí orin wọn wà lórí káàdì kan náà tí ẹnikẹ́ni kò wá kàn. Ní tèmi, ìwà ìkà tó wà nínú ọ̀nà yìí ju owó tí olórin pàdánù lọ. Orúkọ rẹ̀ tó já bọ́ lójú ọ̀nà ló burú jù. Ẹni tó ra kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú ṣì máa rí àwòrán olórin lára páálí rẹ̀. Ẹni tó gba fáìlì kò rí nǹkan kan.

Ní Kano, ọ̀rọ̀ náà kan oúnjẹ gan-an. Bí iṣẹ́ 'downloading' ṣe ń gbòòrò ni ọjà síìdì ń ṣubú, torí pé owó síìdì kan tó láti kó fíìmù púpọ̀ sórí káàdì. Àwọn tó ń ṣe fíìmù fi ẹjọ́ sùn títí, àmọ́ ta ni wọ́n fẹ́ mú? Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn kó lọ sórí YouTube. Eré alátìgbàdégbà Izzar So tó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 wà lára àwọn tó fi hàn pé èèyàn lè rí owó ìpolówó níbẹ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì wọ ọjà

Ọdún 2010 ni Apple gbé iPad jáde. Ohun tó lẹ́wà ni, àmọ́ kò ní ihò tí wọ́n ń ki mẹ́mórì káàdì bọ̀. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó orin tàbí fíìmù sórí rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní iTunes, tó bá sì so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ó lè pa ohun tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Samsung Galaxy Tab jáde lọ́dún kan náà, ó ní ihò microSD. Ẹ ò nílò onímọ̀ láti sọ èyí tó bá ọjà Kano àti Bamako mu fún yín. Lẹ́yìn náà ni wáyà kékeré OTG tún wá, tó ń jẹ́ kí èèyàn ki fláàṣì bọ tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà láàárín.

Àwọn ìjọba náà rí i. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Aregbesola pín tábúlẹ́ẹ̀tì Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní 2013, inú ẹ̀rọ náà ni wọ́n ti kó ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sí kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Èrò ẹni tó ń dáńlóòdù nínú ọjà náà ni, ìjọba ló wá ń ṣe é.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń gbé fíìmù sórí ayélujára pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Jason Njoku bẹ̀rẹ̀ iROKOtv ní 2011 kí àwọn ènìyàn lè máa wo Nollywood tààrà lórí ayélujára. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ rọ́ wọlé. Fún àwọn tó wà nílé, iléeṣẹ́ náà ní láti yí ọwọ́ padà: ó gbé áàpù tó ń jẹ́ kí èèyàn dáńlóòdù fíìmù sórí fóònù Android jáde, ó sì ṣí àwọn búkà kéékèèké l'Ékòó níbi tí oníbàárà ti lè gba fíìmù láì ná dátà rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìyàtọ̀ láàárín búkà yẹn àti ẹni tó wà lábẹ́ agboòrùn, yàtọ̀ sí pé ẹni tó ni fíìmù ń gba owó tirẹ̀? Síbẹ̀, nígbà tó di 2020, iROKO kéde pé àwọn oníbàárà tó wà lókè òkun ni òun máa gbájú mọ́.

Netflix wọ Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2016. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fàyè gba dídáńlóòdù. Google tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2017, ó mú YouTube Go wá sí Nàìjíríà, áàpù tí èèyàn lè fi fi fídíò ránṣẹ́ sí fóònù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìsí dátà. Ní 2022, wọ́n ti áàpù náà pa.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Fíìmù tí ẹ dáńlóòdù sínú irú àwọn áàpù yìí kì í ṣe ti yín bí èyí tó wà lórí káàdì ṣe jẹ́ ti yín. Ẹ ò lè gbé e lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Àwọn kan wà lórí Netflix tó jẹ́ pé wákàtí 48 péré lẹ́yìn tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò wọ́n ni wọ́n máa tì pa, àfi kí ẹ tún padà sórí ayélujára.

Ọjọ́ tí wáyà já

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire: WACS, ACE, MainOne àti SAT-3. Láti Liberia dé Benin, Gánà àti Nàìjíríà, íntánẹ́ẹ̀tì fà bí ìgbín tàbí kó má tiẹ̀ sí rárá. Ọ̀pọ̀ báńkì kò lè ṣiṣẹ́. MainOne sọ pé ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì tó sì já wáyà náà, pé kì í ṣe ọkọ̀ ojú omi ló fà á. Ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọkọ̀ tó ń tún wáyà ṣe tó so gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹni tó bá ti kó orin àti fíìmù rẹ̀ sórí káàdì kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ẹni tó dáńlóòdù tirẹ̀ sínú áàpù lè wò ó títí gbèdéke rẹ̀ fi pé. Lẹ́yìn náà ni áàpù máa ní kó kọ́kọ́ so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ná, kí òun lè mọ̀ bóyá ó ṣì ní ẹ̀tọ́ sí i.